Àgbáyun Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Ẹ sún mọ́ bí! Mo ní kí ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin ará Ìtamẹ́rin, kí ẹ fìdí kanlẹ̀ dáadáa, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ẹ kú ewu ìjì àárọ̀ yìí o. Làmídì bíríkìlà, mo gbọ́ pé páànù ilé rẹ lọ kí àna rẹ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Pẹ̀lẹ́. Fa búlọ́ọ̀kù yẹn sún mọ́ra, fi jókòó. Àsàbí ìyàwó mi ló ń gbé igbá bọ̀ yẹn, èso pupa kéékèèké ló wà nínú ẹ̀. Kí kálukú mú ẹyọ kan. Mo ní ẹyọ kan, Làmídì, mò ń wo ọwọ́ rẹ! Ẹ jù ú sẹ́nu. Ẹ má gé e jẹ o. Ẹ fi ahọ́n yí i, kí ẹ lá ara rẹ̀ títí á fi tán, kí ẹ wá fi kóró rẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá gé e, èmi àti ẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé e mì, inú ẹ̀ ni màá tọ kóró mi lọ, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀bẹ mi ṣì mú. Ẹni tó bá tu ú dànù, kó yáa máa gba ọ̀nà míì lọ sóko, kó má gba iwájú ilé mi mọ́. Ìdí méjì ni mo fi fi nǹkan dí yín lẹ́nu. Àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo fẹ́ máa sọ̀rọ̀. Ìkejì, bó bá yá, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Èmi Ọdẹ́níyì rèé. Èmi tí ẹfọ̀n rí, tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Èmi tí ọ̀yà gbọ́ ikọ́ mi, tó pín ogún fáwọn ọmọ ẹ̀ kó tó sùn. Ibi tí ọdẹ ẹgbẹ́ mi ti ń sáré padà, ibẹ̀ ni èmi ti ń jókòó jẹ iṣu sísun. Kí lo wí, Àsàbí? Ó ní kí n má gbàgbé ìgalà tí mo dọdẹ ẹ̀ títí tí mo fi sùn lọ, tí mo jí tí mo bá a tó sùn ti èmi náà. Ẹ ṣé o, ìyàwó mi. Bí ìyàwó ọdẹ bá ti wà níkàlẹ̀, irọ́ ọdẹ ò lè rin jìnnà.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe kan, àṣìṣe tí ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Ẹ rántí Dókítà Mọrẹ́nikẹ́, obìnrin tó máa ń wọ ṣòkòtò kákì, tó ń fi awò wo ìdí koríko bíi pé ó ń yẹ ọmọ tuntun wò? Ilé kan wà ní ìgboro tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn àwọn igi tó ń tán lọ nínú igbó. Wọ́n á kó wọn sínú òtútù, irúgbìn náà á sì sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí ayé bá tún nílò wọn. Ibẹ̀ ni Dókítà ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún méje sẹ́yìn, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baba ọdẹ, ẹ bá mi wá kóró àgbáyun." Mo rẹ́rìn-ín. Àgbáyun kẹ̀? Mo mọ igi kan létí odò nínú Igbó Agbóhùnmì. Mo lọ, mo ká gbogbo èso orí ẹ̀ tán pátápátá, n ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹyẹ. Mo jẹ ara ẹ̀, mo fi mu gààrì kíkan, ó dùn bí oyin. Mo wá kó àwọn kóró náà wálé. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí ni ọdẹ máa ń ṣe sí ohun tó bá gbé wálé tí kò fẹ́ kó bàjẹ́?

Mo sọ ọ́ sórí àjà lókè ààrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkété méjì àti itan ẹtu kan. Mo ko iná sí i lábẹ́, mo yan án fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ó gbẹ, ó dún ṣaka-ṣaka. Mo wọ agbádá lọ gbé e fún Dókítà. Ó fi ọ̀bẹ kékeré la ọ̀kan. Ó la òmíràn. Ojú ẹ̀ pọ́n.

Ó ní, "Baba, kí lẹ ṣe sí i?"

Mo ní, "Mo tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ."

"Ọmọ wo lẹ̀ ń yan?" Ó mí kanlẹ̀. "Baba, àwọn irúgbìn kan wà tó fẹ́ràn gbígbẹ, bí àgbàdo, bí ẹ̀gúsí. Ẹ gbẹ wọ́n, ẹ fi wọ́n sínú òtútù, wọ́n á sùn, wọ́n á tún jí. Àmọ́ àgbáyun dà bí ẹja. Bó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn."

Mo ní, "Ẹja gbígbẹ kì í ha dùn bí?"

Ó ní, "Ó ń dùn, sà. Ṣé ó tún máa ń lúwẹ̀ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kò burú, igbó kì í tán, ọdún tó ń bọ̀ màá ká òmíràn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu mi sọ: igbó kì í tán! Ọdún yẹn ò tíì parí tí àwọn agégẹdú fi dé etí odò yẹn, tí wọ́n fi gé igi náà mọ́ àwọn igi ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ojú ni mo fi wo kùkùté. Mo kọjá lọ, mo ní kò kàn mí.

Ọdún kejì ẹ̀ ni àìsàn gbé Àsàbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn tọ́jú ẹ̀, àìsàn lọ, àmọ́ ó gbàgbé ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ láì tún un ṣe. Gbogbo oúnjẹ kan. Iṣu kan, ẹ̀wà kan, omi tútù gan-an ń kan lẹ́nu ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń lá irin. Ó ń jẹ ẹnu mẹ́ta, á gbé àwo tì. Ó rù débi pé òrùka tí mo fi gbé e níyàwó ń yọ lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá wé òwú dúdú mọ́ ọn nínú kó má baà sọ nù. Mo rí òwú yẹn lọ́jọ́ kan tó ń fọ abọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mo ti pa ẹfọ̀n, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo lọ ń bá adìyẹ jà lórí ohun tí adìyẹ ò ṣe.

Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò tiẹ̀ fi ṣe ẹjọ́. Ó kàn ní, "Aláriwo mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "nígbà tí mo wà ní kékeré, àgbáyun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ìyá mi. A máa ń jẹ ẹ́, a wá mu omi ògì tó ti kan, á dùn bí ìrèké. Ká ní a rí ọ̀kan ni, bóyá ǹ bá lè jẹun." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Kò mọ̀ pé òun ti yìnbọn. Mo sáré tọ Dókítà lọ. Ó ní òun ti wá a kiri gbogbo oko tó yí wa ká, kò sí. Ó ní bó bá ṣì wà níbì kan, àfi àárín gbùngbùn Agbóhùnmì, ibẹ̀ gan-an sì ni katapílà àwọn agégẹdú máa wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbé ìbọn mi.

N ò ní fi ìrìn ọjọ́ méjì dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ ṣáà ni, ẹ mọ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀, mo rí ewé ńlá kan tó tẹ́ bí òrùlé, mo sá sábẹ́ ẹ̀. Ewé náà gbóná. Mo fọwọ́ kàn án, irun wà lára ẹ̀. Ó gbọ̀n pẹ́pẹ́. Àṣé etí ni! Ẹ̀dá kan ló sùn sílẹ̀ tó tẹ́ etí ẹ̀ méjèèjì síta. Orí ẹ̀ ò tó àgbọn, àmọ́ etí kan tó agboòrùn mẹ́rin. Elétí-bí-Agboòrùn nìyẹn, òun ló fún igbó náà lórúkọ: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ẹ̀, ohùn onítọ̀hún ló ń gbé mì, á sì fi ara ṣe ìpápánu. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kúrò níbẹ̀. Kàyéfì ni pé n ò sín. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo máa ń sín lábẹ́ òjò.

Nígbà tí mo jìnnà sí i, mo dé ibi igi àràbà kan tó ti wó tipẹ́. Inú ihò ẹ̀ mọ́ bí yàrá ìyàwó. Kèrègbè kéékèèké ló kún òkè ẹ̀, wọ́n fi okùn so wọ́n rọ̀, bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Arúgbó iwin kan jókòó sábẹ́ wọn, ewú ẹ̀ kanlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ wú kọ̀ǹdọ̀. Ó ń mú kèrègbè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mì í, ó ń gbé e sétí. Á ní, "Ṣé ẹ jí dáadáa?" Èyí tó bá dún, á rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀kan wà tó mì tí kò dún. Ó fi ìdí ìró ẹ̀ nù ún, ó gbé e síbi àyà ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì rọra so ó padà sáàárín àwọn yòókù. Mo kúnlẹ̀ láì mọ̀ pé mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Oníkèrègbè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, eyín ń dùn yín?"

Ó ní, "Ọdẹ tó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Kí lo wá ṣe?"

"Àgbáyun ni mo wá wá, Ìyá."

"Já àlọ́ mi ná. Kí ló wọ ibojì láì kú, tó jáde láì di òkú ọ̀run?"

Mo ní, "Òkété ni."

"Gbogbo nǹkan kúkú ń di ẹran lójú rẹ."

"Ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ jẹ ìyẹn náà ni?"

Mo ronú títí, mo wo òkè, àwọn kèrègbè ń wò mí. Mo ní, "Irúgbìn ni, Ìyá."

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan. Ta ló ká àgbáyun etí odò, tó jẹ ẹ́ tán, tí kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ẹyẹ?"

Ẹ̀yin èèyàn, mo ní ìbọn lọ́wọ́, mo ní àdá nídìí, n ò rí èyí tí màá fi gba ara mi. Irọ́ mẹ́rin wá sẹ́nu mi, irọ́ gidi, tó gbọ́n. Mo gbé gbogbo wọn mì. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo ká a. Mo tún yan kóró ẹ̀ mọ́ òkété."

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Mọ́ òkété!" Nígbà tó sinmi, ó ní, "Èmi náà ti pa tèmi rí. Inú kèrègbè ni mo fi í sí. Ó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ọdún mẹ́wàá sunkún. Kì í gbé inú kèrègbè, kì í gbé inú àká. Nǹkan kan ṣoṣo ló gbà á." Ó wá ki ìka bọ ẹnu, ó yọ kóró kan jáde láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn, ó tutù, ó ń dán. "Mo ká a lára èyí tó kẹ́yìn kó tó wó. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Mo ròyìn Àsàbí fún un. N ò ṣe àsọdùn kankan. Mo sọ ti òwú dúdú inú òrùka.

"Kí lo máa fún mi?"

"Ẹ gba ìbọn mi."

"Kí n fi yìnbọn sí koríko? Ẹnu rẹ ni màá gbà. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ni kóró yìí máa wà títí o fi máa dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó rẹ. O ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Atẹ́gùn inú ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀, mo ti ń gbọ́ ẹ bọ̀ láti ìjẹta, ìwọ àti ara rẹ lẹ ń sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan á gbẹ ẹ́." Ó tún tú kèrègbè márùn-ún sílẹ̀, ó ní, "Àwọn yìí fẹ́ràn gbígbẹ ní tiwọn. Gbé wọn fún àbúrò mi tó ń gbé inú òtútù. Sọ fún un pé kó máa kí wọn láàárọ̀."

Báyìí ni èmi Ọdẹ́níyì, tí ìyá mi ní mo sọ̀rọ̀ kí n tó sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ṣe pa ẹnu dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Àsàbí, má rẹ́rìn-ín. Elétí-bí-Agboòrùn ti jí kí n tó padà kọjá. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó na etí kan sọ́tùn-ún, ó na ìkejì sósì, ibi tí mo máa gbà ò sí. Kò ríran dáadáa, etí ni gbogbo ẹ̀. Mo dúró bí igi. Ó ní, "Mo ń gbọ́ àyà kan tó ń lù. Àyà ọdẹ ni. Ọdẹ burúkú kan wà ní Ìtamẹ́rin, wọ́n ní ìgalà sùn tì í, òun náà sùn ti ìgalà." Ha! Ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. "Wọ́n ní ìgalà ọ̀hún ló kọ́kọ́ jí, ó wá fi aṣọ bò ó." Irọ́ ni! Irọ́ gbuu! Kò sí aṣọ níbẹ̀! Mo fi eyín di ahọ́n mi mú.

Nígbà tó tún máa la ẹnu, ohùn Àsàbí ló jáde. Ohùn ẹ̀ gan-an, bó ṣe rí kí àìsàn tó dé, tó ń dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọdẹ́níyì, máa bọ̀ wálé. Mo ti jẹun yó. Oúnjẹ ti dùn lẹ́nu mi. Ọdẹ́níyì, dá mi lóhùn." Ẹ gbọ́ mi o: ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo fẹ́ gbọ́ láyé. Ètè mi ti yà. Kóró yẹn ti sún dé orí ahọ́n. Ohun tó gbà mí ni pé láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò pe orúkọ mi rí. Ta ni ìyàwó ilé tó ń pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ gbàgà bẹ́ẹ̀? Bí inú ẹ̀ bá dùn, Aláriwo ni. Bí inú ẹ̀ ò bá dùn, Bàbá yìí ni. Mo pa ètè dé. Mo mú òkúta, mo jù ú jìnnà sínú ẹrẹ̀, ó dún gbàmù, etí méjèèjì fò lọ síbẹ̀, mo sì gba abẹ́ wọn kọjá bí eku.

Èyí tó le jù ṣì wà níwájú. Lójú ọ̀nà, mo pàdé àwọn agégẹdú, bàbá àgbà kan wà láàárín wọn. Bàbá kí mi, "Ọdẹ, o kú ìrìn o." N ò lè dáhùn! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, mo dìde, mo lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi, wọ́n ní ọmọ tí wọn ò kọ́, wọ́n ní ẹnu ẹ̀ ti kú. Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀ fún igi méjì mìíràn kí n tó mọ̀ pé igi ni wọ́n.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Àsàbí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti òpó. Ó ní, "Aláriwo mi, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́? Ta ló kú?" Mo mú ọwọ́ ẹ̀, mo tu kóró náà sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Ó wò ó.

Ó ní, "Kóró ni. Èso ẹ̀ dà?"

Mo ní, "Ó máa di ọdún márùn-ún."

Ó wo kóró, ó wò mí, ó wo òrùka ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ọdún márùn-ún kẹ̀? A jẹ́ pé mo gbọdọ̀ máa jẹun nìyẹn, kí n lè dúró dè é."

Ẹ̀yìn ilé ìdáná la gbìn ín sí. Dókítà wá wò ó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀. Ó kó irúgbìn inú kèrègbè márùn-ún lọ sínú òtútù, ó sì búra fún mi pé òun ń kí wọn láràárọ̀. Ti àgbáyun, ó ní, "Baba, òtútù wa ò gba eléyìí. Èèyàn ni ilé ìpamọ́ tiẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń bu omi sí i, ojoojúmọ́ ni Àsàbí ń jókòó tì í pẹ̀lú àwo oúnjẹ ẹ̀, ẹnu mẹ́ta, ẹnu mẹ́rin, ẹnu mẹ́wàá. Ní ìjẹta tí èso àkọ́kọ́ pọ́n, mo ká a. Ó jẹ ẹ́, ó fa ọsàn wẹ́wẹ́ kan mu. Mo ní, "Ó dùn?" Ó ní, "Ó dùn. Àmọ́ ẹnu mi ti ń dùn láti bí ọdún mẹ́ta. Mi ò kàn sọ fún yín ni, Aláriwo, kí ẹ má baà dẹ́kun bíbu omi sí igi yẹn." Ẹ wo ìyàwó mi! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bó ṣe wú! Láti ìjẹta ni kóró yẹn ti wà ńbẹ̀, ó ní òun ò tíì rí ibi tó dára tó láti gbìn ín sí.

Ó ti ń gbé ọsàn wẹ́wẹ́ kiri fún yín báyìí. Ẹ gbà á, ẹ fà á mu. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ rí i? Ó ń dùn bí oyin, àbí? Làmídì, má sunkún, ọsàn lásán ni. Ó yá, kí kálukú tu kóró ẹ̀ sọ́wọ́, kó wò ó. Ó pé? Ẹ dá a padà sẹ́rẹ̀kẹ́, kí ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ rọra máa lọ sílé, kí ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lọ́nà títí ẹ ó fi rí ilẹ̀ tó tutù lẹ́yìnkùlé yín.

Ìjì àárọ̀ yìí ti fa igi náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, èyí tó wà lẹ́nu yín yẹn àti ti Àsàbí ló kù.